Kí Oníbàárà Tó Gbóhùn Sókè

Bí ariwo bá sọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ara ẹni tó ń pariwo ni gbogbo ojú ń lọ. Wọ́n á ní oníjàgídíjàgan ni, wọ́n á ní kò rówó ná nílé ló ṣe ń wá ibi tí yóò da ìbínú sí. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó tú ìjà náà palẹ̀, a óò rí i pé ó ti wà nílẹ̀ kí oníbàárà náà tó wọlé rárá: iye owó ò sí lára ọjà, ṣéńjì ò sí nínú dúrọ́ọ̀, kò sẹ́ni tó ṣí aṣọ náà wò kí wọ́n tó gé e, kò sẹ́ni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ẹni tí à ń pè ní oníbàárà tó le, lọ́pọ̀ ìgbà, àìmúra wa ló já mọ́ ọn lọ́wọ́. N'Ìbàdàn níbí, láti ọjà Gbági dé Agbeni, láti Bódìjà dé àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké etí títì ní Challenge, iṣẹ́ tó ń pa ìjà, òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí iye owó.

Ìnájà kì í ṣe ìjà, ó kàn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Fún ọjà kọ̀ọ̀kan, iye mẹ́ta ló yẹ kó wà nílẹ̀: ojú owó, iye tí ẹ ò ní tà á dín sí, àti iye tí ẹ ó kọ́kọ́ pè. Ojú owó kì í ṣe iye tí ẹ rà á nìkan. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó alábàárù wà níbẹ̀, owó ọ̀rá wà níbẹ̀, ìpín tirẹ̀ nínú owó ṣọ́ọ̀bù àti owó iná náà wà níbẹ̀. Ká ní ẹ ra bàtà kan ní ₦8,000, tí ìnáwó orí rẹ̀ jẹ́ ₦500: ojú owó rẹ̀ jẹ́ ₦8,500. Bí ẹ bá ní ẹ ò ní tà á dín sí ₦9,500, ẹ kọ́kọ́ pè é ní ₦10,500 tàbí ₦11,000, kí àyè wà láti fi ná an. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n pè é ní ₦18,000 nítorí pé inú mọ́tò tó ń dán ni oníbàárà ti sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ná an títí tó fi dé ₦9,500, inú rẹ̀ ò ní dùn délé. Ohun tí yóò máa rò ni pé bóyá wọn ì bá gba ₦6,000. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń padà wá lọ́jọ́ kejì pé bàtà ń fún òun lẹ́sẹ̀. Bàtà kọ́ ló ń fún un.

Gbogbo ẹni tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mọ iye ìsàlẹ̀ yẹn. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá ta bàtà ní ₦9,500 láàárọ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ wá yarí lọ́sàn-án fún aládùúgbò ẹni tó rà á pé ₦10,000 ni òun ò ní gbà dín, àwọn méjèèjì á pàdé nílé, wọ́n á sì jọ sọ ọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí oníbàárà rí iye náà, ẹ fi lẹ́tà kọ ọ́ sára ọjà. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, kò sì ṣòro. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tó ní lẹ́tà mẹ́wàá tí ọ̀kankan ò jáde lẹ́ẹ̀mejì. GBADUNMOLE á ṣe é, bí kò tilẹ̀ ní ìtumọ̀ kankan: G ni 1, B ni 2, A ni 3, D ni 4, U ni 5, N ni 6, M ni 7, O ni 8, L ni 9, E ni òdo. ₦9,500 á wá di LUEE. Ọmọ tó bá ti lo ọjọ́ díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù á ti mọ̀ ọ́n kà. (Ẹ má fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ṣe é, ibẹ̀ ni ẹni tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ wò.)

Iye tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọjà ti di àdéhùn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin 2018, kò gbà kí ọlọ́jà gba owó tó ju èyí tó gbé síta lọ. Nítorí náà, bí ọjà bá gbówó lórí, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ni kí ẹ pààrọ̀ káàdì iye rẹ̀. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹnìkan ti gbé ọjà dání. Èyí tí ẹ bá gbàgbé láti pààrọ̀, ẹ tà á ní iye tó wà lára rẹ̀, kí ẹ gba kámú.

Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, tí náírà náà sì já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, ọ̀rọ̀ kan ò kúrò létí ọlọ́jà mọ́: "Ṣebí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rà á ní iye báyìí níbí?" Ẹ má bẹ̀rẹ̀ àlàyé dọ́là. Òun náà mọ̀, òun náà ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọjà wọlé sí ẹ̀yìn káàdì iye rẹ̀, bó bá sì bi yín, ẹ yí i sẹ́yìn kó fojú ara rẹ̀ rí i: "Òótọ́ lẹ sọ, mà. Èyí tí ẹ rà nígbà yẹn ti tán. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá leléyìí wọlé." Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù nínú ti tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé e ní iye àtijọ́. Èrè tí ẹ pàdánù lórí ọ̀kan yẹn kò tó nǹkan; òun yóò sì ròyìn yín fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ní Bódìjà tí oúnjẹ pọ̀ sí, kọ́ńgò ló ń dá ìjà sílẹ̀ ju iye owó lọ. Kọ́ńgò ìrẹsì kan súnmọ́ kílò kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bù ú ló mọ̀. Ṣé èyí tó ga ní òkìtì lórí ni, àbí èyí tí wọ́n fọwọ́ nù lórí? Ẹni tó ti fi ọkàn sí òkìtì, tó wá rí i tí wọ́n fọwọ́ nù ún, olè ló máa pè yín, kò sì ní í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Kí ẹ tó bù ú rárá ni kí ẹ dárúkọ méjèèjì fún un, iye èyí àti iye tọ̀hún, kó mú èyí tó wù ú. Ẹ má sì tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú, nítorí àwọn ìyá Ìbàdàn á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò kí ẹ tó bu ẹyọ kan. Èènì, ìkúnwọ́ kan ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìwọ̀n parí ná, kí ẹ wá bù ú lé e lójú ẹni tó ń rà á. Èènì tí ẹ rọra bù mọ́ inú kọ́ńgò láìsọ, kò sẹ́ni tó máa kà á sí èènì.

Ní Gbági tí aṣọ pọ̀ sí, ọ̀pá ni. Ọ̀pá kan jẹ́ ínǹṣì 36, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 91.44, ọ̀pá mẹ́fà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà márùn-ún àtààbọ̀. Àǹkárá tí wọ́n kọ ọ̀pá mẹ́fà sí lára lè má pé. Ọjọ́ tó wọlé ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ ya èyí tó dín sọ́tọ̀, kó má lọ jẹ́ télọ̀ ni yóò bá yín wọ̀n ọ́n. Ẹ kan ọ̀pá ìwọ̀n mọ́ etí tábìlì. Láti imú dé ìka ọwọ́ kì í ṣe ìwọ̀n. Apá ènìyàn ò dọ́gba. Aṣọ tó bá ń nà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ má fà á, torí yóò padà súnkì nílé, ẹ̀yin ni wọ́n á sì wá bá. Bí aṣọ náà bá jẹ́ irú èyí tí aró rẹ̀ máa ń ṣí, ẹ rẹ àkísà funfun kan sínú omi, ẹ fi ra igun rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí òun náà máa wò ó. Bí àkísà bá gba àwọ̀, ẹ sọ fún un pé ọ̀tọ̀ ni kó máa fọ̀ ọ́. Kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ, ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó wo ihò, kó wo àbàwọ́n, kó wo ibi tí òwú ti fà, kí ẹ wá sọ ọ́ síta: "A fẹ́ gé e o, Àǹtí." Ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "ẹ gé e" kì í sábà padà wá pé òun ò rí àbàwọ́n.

Ọ̀rọ̀ ṣéńjì ò gba àlàyé púpọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ lè fi ₦20,000 ṣílẹ̀kùn báyìí: ₦500 mẹ́wàá, ₦200 àádọ́ta, ₦100 ọgbọ̀n, ₦50 ogójì. Owó yìí kì í ṣe owó ọjà. Bó ṣe pé láàárọ̀ ló gbọ́dọ̀ pé lálẹ́. Bí oníbàárà bá na owó sí yín, ẹ pe iye rẹ̀ síta, "Ẹgbẹ̀rún kan náírà lẹ fún wa o, sà," kí ẹ sì jẹ́ kó wà lórí tábìlì títí ẹ ó fi ka ṣéńjì lé e lọ́wọ́ tán. Bí owó náà bá ti dàpọ̀ mọ́ ti inú dúrọ́ọ̀, tó wá ní ẹgbẹ̀rún ni òun fún yín, tí ẹ̀yin ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni, kò sí adájọ́ tó lè dá a. Súùtì kì í ṣe ṣéńjì. Owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ àti èyí tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀ ní 2022, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ná. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2023. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó bá ń da ọ̀kan padà ń fọwọ́ ara rẹ̀ ra wàhálà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni owó tó ń gba orí fóònù. Ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ló ti gbogbo wa wọ inú tíráńsífà, látorí ẹlẹ́ran dórí ẹni tó ń ta ata, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ó ṣe máa bá ara wa sọ̀rọ̀ nígbà tí owó bá ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó san án, tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbà á. Lásìkò yẹn, ẹ̀rù tó ba oníbàárà tọ̀nà, èyí tó ba ọlọ́jà náà sì tọ̀nà. Ọ̀kan ti rí i pé owó òun ti dín. Èkejì ò rí nǹkan kan, ó sì mọ̀ pé àwọn gbájúẹ̀ ń fi álàátì ayédèrú rajà káàkiri ìlú.

Ẹ ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, kó má jẹ́ èyí tí owó àjọ àti owó ẹbí ń gbà wọlé. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ àti báǹkì rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n bá kà lẹ́nu ni wọ́n sábà máa ń ṣì tẹ̀. Kí oníbàárà tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, ẹ ní kó ka orúkọ tó jáde lójú fóònù rẹ̀ sí yín létí. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi SMS ṣe ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni lè kọ SMS tó jọ ti báǹkì. Ẹ má fi rìsíìtì ojú fóònù tirẹ̀ ṣe ẹ̀rí, torí áàpù tó ń ya ayédèrú rẹ̀ wà. Ẹ̀rí tó wà ni pé owó inú àkáǹtì yín ti lé sí i. Nítorí náà, ẹni tó dúró sí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ lè wò ó. Bó bá jẹ́ pé fóònù ọ̀gá nìkan ni áàpù wà, tí ọ̀gá sì wà níbi ìnáwó ní Ọ̀yọ́, oníbàárà tó ti sanwó ló máa jókòó jìyà àìsí nílé ọ̀gá. Ẹ̀rọ POS tó ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ máa ń gbani níbẹ̀: bí owó bá ti wọlé, òun fúnra rẹ̀ á kéde.

Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí owó ò dé, ẹ fún un níjòókòó. Ẹ ní kó ṣí rìsíìtì inú áàpù rẹ̀, kó bá yín wá session ID; bó bá jẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn, nọ́ńbà gígùn tó ní òǹkà 30 ni, òun sì ni báǹkì máa fi tọpasẹ̀ owó náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, iye owó àti àkókò. Ẹ kó ọjà rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ẹ gbé e síbi tí òun náà á ti máa rí i. Ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbé ọjà lọ; ₦5,000 tó lè sọnù kò tó kí ẹ pàdánù ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ọjà dúró títí owó á fi dé.

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló ṣe pàtàkì jù. "Owó yín ò wọlé" dà bí ìgbà tí ẹ pè é lópùrọ́ létí rẹ̀. Ẹ sọ pé, "Owó ti kúrò lọ́dọ̀ yín, Bọ̀ọ̀dá, kò tíì débí ni, ẹ jẹ́ ká jọ dúró dè é." Ẹ má já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ gbájúẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó sé ènìyàn mọ́lé ti fọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹjọ́ sọ́rùn. Ọjà yín ṣáà wà lọ́wọ́ yín. Kí lẹ tún ń lé?

Bí POS bá sọ pé káàdì ò ṣiṣẹ́, tí báǹkì sì ti yọ owó, ẹ tẹ ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ jáde ní méjì, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún yín, kí ọjọ́ àti àkókò hàn lára rẹ̀. Ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2020 fún báǹkì ní wákàtí 72 láti yanjú owó POS tó há. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún un, kí ó gbé ìwé náà lọ sí báǹkì tó ni káàdì. Ẹ má jẹ́ kó tún káàdì kan náà fà lẹ́sẹ̀ kan náà: bí owó kejì bá há mọ́ àkọ́kọ́, ìjà ti di ńlá nìyẹn.

Ọjà ìdápadà ló kàn. Ìwé kan wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù n'Ìbàdàn pé owó tí a bá ti gbà, a kì í dá a padà. Ẹ yọ ọ́. Òfin 2018 yẹn fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, tàbí èyí tí kò lè ṣe iṣẹ́ tó ti sọ fún yín pé òun fẹ́ fi ṣe, láàárín àkókò tó bójú mu, kó sì gba owó rẹ̀ pé. Ìwé ara ògiri ò lè pa òfin rẹ́. Ẹni tí òfin ò so mọ́ yín lọ́rùn ni ẹni tó kàn yí ọkàn padà: ó délé, ọkọ rẹ̀ ní àwọ̀ náà ò wu òun. Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kó wà lórí rìsíìtì kó tó sanwó. Lójú tèmi, ọjọ́ mẹ́ta tó. Kó gbé òmíràn dípò rẹ̀, kó má gba owó. Kí ọjà ṣì wà bó ṣe wà, láìgé, láìwọ̀, láìfọ̀. Lórí rìsíìtì kan náà, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wà, déètì, ohun tí ẹ tà, mélòó ni, iye ọ̀kọ̀ọ̀kan àti àròpọ̀. Bó bá jẹ́ ohun èlò iná, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà ní ìdí rẹ̀ kún un, nítorí àwọn kan máa ń gbé èyí tó ti bàjẹ́ nílé wá láti fi pààrọ̀ tuntun.

Fáànù, áyọ́ọ̀nù, bílẹ́ńdà, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń dán wọn wò. Ẹ bu omi sínú bílẹ́ńdà, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń jò ní ìdí. Bí wọ́n bá mú iná lọ (NEPA la ṣì ń pè wọ́n, orúkọ tó wù kí wọ́n máa jẹ́), tí kò sí jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ẹ ò dán an wò, kí ẹ fún un ní ọjọ́ kan láti dán an wò nílé.

Bí ẹnìkan bá ń gbé ọ̀rá yín bọ̀ tójú rẹ̀ korò, ẹ lọ pàdé rẹ̀ kó tó dé àárín àwọn tó ń rajà. Ẹ gba ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, kí ẹ sì tún un sọ fún un: "Ẹ ní ó ń tan iná, àmọ́ kò gbóná, àbí?" Títún-un-sọ yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ gbọ́, ó sì ń dè é mọ́ ọ̀rọ̀ kan kó má baà fi ẹ̀sùn mìíràn kún un níwájú. Lẹ́yìn náà, rìsíìtì, nọ́ńbà ìdí ọjà, kí ẹ fi síná kí ẹ jọ wò ó. Bó bá lábùkù lóòótọ́, ẹ fún un ní òmíràn tàbí owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ fún un pé "ẹ padà wá lọ́la kí ọ̀gá dé." Ẹ fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù láṣẹ láti yanjú ọ̀rọ̀ tí kò bá ju iye kan lọ, ká ní ₦3,000, láìpe ẹnikẹ́ni. Agolo mílíìkì tó wú, ẹja inú agolo tó ti kọjá déètì: ẹ ṣáà gbà á, ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ lọ wo gbogbo ìyókù tó wà lórí pẹpẹ.

Kò sí ọjà ìdápadà tó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ tó aṣọ ẹbí. Ìyá ìyàwó wá, ó kó ọgọ́ta, ó san díẹ̀, ó ní òun yóò san ìyókù bí àwọn ẹbí bá ti ń gbà á. Àwọn ẹbí gbà á tán, àwọn kan ò sanwó, àwọn kan ò gbà á mọ́, ó wá di ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìgbéyàwó kí Mọ́mì tó kó méjìdínlógún dé pẹ̀lú ẹkún. Òun kọ́ ló burú. Ẹbí rẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí gbogbo àdúgbò ti fi jó tán, ta ni yóò tún rà á? Ohun tó ń gba ọ̀rẹ́ yìí là ni pé kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i: iye tó kó, àsansílẹ̀ (mo fara mọ́ mẹ́fà nínú mẹ́wàá, torí ó yẹ kó kárí ojú owó yín dé ibì kan), iye tó lè dá padà, àti ọjọ́ ìkẹyìn tó lè dá a padà. Nínú ọgọ́ta, mẹ́wàá kì í ṣe púpọ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn, kó jẹ́ ọjọ́ 14 ṣáájú ayẹyẹ, nítorí àwọn tó ń pẹ́ rà nínú ẹbí kan náà ṣì lè rà á, télọ̀ náà sì ṣì lè bá wọn rán an.

Ẹ yọ márùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń pẹ́ rà yìí láti inú bélì (ẹrù aṣọ tí wọ́n dì pọ̀) kan náà. Bí ẹ bá lọ bu tiwọn láti inú èyí tó wọlé lẹ́yìn, àwọ̀ rẹ̀ lè fi díẹ̀ yàtọ̀. Lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù ẹ ò ní rí i, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò ìgbéyàwó gbogbo ayé á rí i, ìyàwó fúnra rẹ̀ á sì pè yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwìn ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó lóṣooṣù lè jẹ yín dé òpin oṣù, kó má kọjá iye tí ẹ ti sọ fún un. Gbèsè tuntun kì í gorí ti àtijọ́. Ẹ kọ ọjọ́, ọjà àti iye, kó fọwọ́ sí i. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbèsè fi ń di ìjà ni kí ẹ béèrè rẹ̀ lójú ẹlòmíràn. Ẹ pè é lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí yóò san án.

Ó wá ku ẹni tó ń pariwo gan-an. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tí ìyá ẹni ọgọ́ta ń bú nílò ọ̀rọ̀ pàtó tó lè gbé jáde lẹ́nu. Kò lè sọ pé "irọ́ ni." Ó lè sọ pé, "Bóyá kò yé mi dáadáa ni, mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un sọ." "Ẹ má bínú" kì í ṣe pé ó jẹ̀bi, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tọkàntọkàn, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Ẹ má bínú" mẹ́wàá tí iṣẹ́ kankan ò tẹ̀ lé ń dá kún ìbínú ni. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa dáhùn. Bí ènìyàn mẹ́ta bá dá sí i, ó ti dà bíi pé wọ́n fẹ́ lù ú. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, kò ní lè máa dá nìkan pariwo pẹ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ tí ẹ ń pè é: ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ kò fẹ́ gbọ́ "Mọ́mì", ẹni tó ti lọ Mẹ́kà sì fẹ́ gbọ́ "Alhájà".

Nígbà tí ẹnìkan bá ń pariwo, kí ẹnìkan nínú yín má wo ibẹ̀ rárá. Kó máa wo ọjà. Àwọn kan wà tí ariwo jẹ́ iṣẹ́ wọn: ọ̀kan ń bá yín jà lórí ₦200, èkejì rẹ̀ ń kó ìpara sínú báàgì.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan òṣìṣẹ́ yín, tàbí tó ń gégùn-ún, ẹ ti tajà fún un tán. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gba owó yín, a ò ní lè tà á lónìí." Ẹ kà á lé e lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí. Bí kò bá lọ, ẹ pe alága láìnì tàbí Ìyálọ́jà. Ẹ má pe àwọn ọmọ ìta, torí ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà kì í kéré.

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ìjà nìkan. Déètì, ọjà tó fà á, ohun tí oníbàárà sọ, ohun tí ẹ ṣe, iye tó ná yín. Ìlà kan fún ìjà kan, kó má gùn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kà á. Bí ọjà kan náà bá jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú oṣù kan, oníbàárà kọ́ ló lẹ́jọ́. Ẹ kó ìyókù rẹ̀ padà fún ẹni tó tà á fún yín ní Agbeni tàbí Gbági, kí ẹ sì mú ìwé náà dání.